Etí Ni Irinṣẹ́ Wọn: Ibi Tí Iṣẹ́ Gbígba Ohùn Sílẹ̀ Lè Gbé Akẹ́kọ̀ọ́ Dé

Bí orin kan bá gbòde, orúkọ olórin ni gbogbo ènìyàn máa ń pè. Láyé òde òní, wọ́n ti ń pe orúkọ ẹni tó gbé ìlù orin náà kalẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ mọ ohùn ìdánimọ̀ tí Don Jazzy àti Sarz máa ń fi síbẹ̀rẹ̀ orin. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé máìkì síwájú olórin, tó ní kó sún sẹ́yìn díẹ̀, tó ní kí wọ́n pa fáànù, tó sì jókòó di òru kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè dún ketekete, orúkọ tirẹ̀ kì í délé dóko. Iṣẹ́ ẹni yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọ́ lónìí, ní pólì, ní yunifásítì, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni àti lórí ayélujára. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé púpọ̀ nínú wọn, àti àwọn òbí tó ń sanwó wọn, gbà pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ní: kí ọmọ pàdé olórin tí ìràwọ̀ rẹ̀ máa tàn, kí orin wọn gbayì, kí owó dé. Bí ilẹ̀kùn yẹn kò bá ṣí lọ́dún méjì sí mẹ́ta, wọ́n á ní iṣẹ́ náà kò lérè. Èrò tèmi ni pé orúkọ kékeré ni wọ́n fi ń pe iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ ti kọ́ bí ohùn ṣe máa kúrò lẹ́nu ẹnì kan dé etí ẹlòmíràn láìbàjẹ́ lọ́nà. Orin jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ yẹn. Níbikíbi tí ohùn bá ti ń sọnù, ibẹ̀ niṣẹ́ wà, ohùn tó sì ń sọnù láàárín wa kọjá ti olórin.

Ẹ̀bi ìtàn ni àṣìṣe náà, nítorí orin ló kọ́kọ́ mú iṣẹ́ yìí wọ ilẹ̀ wa. Láàárín àwọn ọdún 1920, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ orin ẹ̀sìn lédè Yorùbá sínú awo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Nígbà tó yá, Decca, EMI àti Philips kó ẹ̀rọ wá sí Èkó, àwọn ọmọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé kọ́ṣẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á máa ká wáyà, á máa nu orí ẹ̀rọ tépù, á máa bu omi fún olórin. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ á di igbákejì enjiníà, títí ọ̀gá á fi ní kó jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kan. Àkàbà ni, èèyàn sì mọ ibi tó ń gùn lọ. Ní 1973, Paul McCartney, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí situdíò EMI ní Àpápá láti gba awo Band on the Run sílẹ̀. Ẹ̀rọ tépù kan ṣoṣo, olójú ọ̀nà mẹ́jọ, tó lè gba ohùn mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, wọ́n lọ parí ìyókù ní Lọ́ńdọ̀nù, Geoff Emerick, enjiníà tó bá wọn wá, sì gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy lórí iṣẹ́ náà. Inú ẹ̀rọ tí kò tó nǹkan ni ẹni tó létí ti mú ohun tí ayé kí i fún jáde. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ alápàlà, dá situdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ojú ọ̀nà 24 sì ni ẹ̀rọ tirẹ̀ ní. Ó yẹ ká máa sọ èyí fún àwọn ọmọ wa léraléra: olórin tó ń kọrin lédè Yorùbá ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, nílùú tí kì í ṣe Èkó.

Àkàbà yẹn ti dá. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè wọ̀nyẹn kógbá wọlé, àwọn tó ń ṣe ayédèrú kásẹ́ẹ̀tì jẹ èrè àwọn tó kù, kọ̀ǹpútà sì dé. Lápútọ́ọ̀pù tí ọmọ ọdún 18 gbé lé itan lónìí lè ru ojú ọ̀nà tó ju ti Phonodisk lọ ní ìlọ́po. Iṣẹ́ orin kò kú o. Orin wa ń lọ káyé ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n olórin lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹni díẹ̀ péré ló sì máa ń wà lẹ́yìn orin tó gbòde. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń dúró de olórin ńlá ń dúró sí ẹnu ọ̀nà tí èrò ti pọ̀ jù.

Kí n tó mẹ́nu ba àwọn ẹnu ọ̀nà yòókù, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ náà ń kọ́ gan-an, torí àìmọ̀ ọ́n ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ mú ìyáàlù dùndún. Awọ méjì ni ìlù náà ní, ọṣán ló so wọ́n pọ̀, saworo sì yí etí rẹ̀ ká. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọwọ́ iṣẹ́ á gbé máìkì ko ojú awọ tí kọ̀ǹgọ́ ń bà. Ohun tó máa gbọ́ nínú sípíkà ni ìró kọ̀ǹgọ́ tó ń gbá awọ, àti saworo tó ń ṣe ṣàkàṣàkà. Ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ á ti sọnù. Bó bá fa máìkì sẹ́yìn níwọ̀n apá kan, tó yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ìlù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: á gbọ́ bí ohùn ṣe ń ròkè tí onílù bá fún ọṣán mọ́ra, àti bó ṣe ń wálẹ̀ tó bá tú u. Ká ní ó ní òun á fi máìkì kejì kún un kó lè dùn sí i, ọ̀ràn mìíràn dé. Ohùn á dé ọ̀dọ̀ máìkì kan kó tó dé ọ̀dọ̀ èkejì, bí wọ́n bá sì pò pọ̀, ọ̀kan lè máa jẹ èkejì run, kí ìlù tó dún kíkankíkan nínú yàrá wá dún bí agolo. Kò sí bọ́tìnnì tó ń wo ìyẹn sàn. Etí ló máa gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ ló máa dìde lọ sún máìkì.

Ibí yìí ni mo ti gbà pé ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ṣẹ́ náà dójú àmì ní ohun tí ẹlòmíràn kò ní. Èdè olóhùn ni tiwa. Àwọn ẹ̀rọ tó ń tún ohùn olórin ṣe, orí òṣùwọ̀n orin òyìnbó ni wọ́n to ọ̀pọ̀ wọn sí. Bí ohùn bá yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀rọ lè rò pé àṣìṣe ni, kó fà á sí ibi tó mọ̀. Bó bá ti fa ohùn ìsàlẹ̀ sókè, ọkọ̀ tí olórin ní òun fẹ́ wọ̀ lè di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Enjiníà tí kò gbọ́ Yorùbá á gbọ́ pé ohùn náà ti tọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó sì ń jẹ́ etí níbí kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú ojú. Afọ́jú ni Cobhams Asuquo, òun ló sì ṣe olùdarí iṣẹ́ awo àkọ́kọ́ tí Aṣa gbé jáde ní 2007. Ẹni tó bá gbọ́ bí gìtá àti ohùn ọmọbìnrin yẹn ṣe jókòó ti ara wọn nínú awo náà á mọ̀ pé ẹni tó ń tẹ́tí ló wà nídìí iṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ibi tí ohùn ti ń sọnù. Ilé ìjọsìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fọwọ́ kan míkísà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí wọ́n sì máa ń fojú kéré ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ronú nípa ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi táìlì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí ògiri rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, gbólóhùn náà á lu ògiri, á padà, á bá gbólóhùn kejì lọ́nà, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á sì kàn máa gbọ́ ariwo. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n ra sípíkà tó tún tóbi sí i, ìyẹn sì ń dá kún wàhálà. Ní 1895, wọ́n bẹ Wallace Sabine, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní Harvard, pé kó bá wọn wo gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ nínú rẹ̀. Ohùn máa ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún àti ààbọ̀ kó tó kú níbẹ̀. Òru ni Sabine fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìlú bá dákẹ́; ó ń kó tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngàn mìíràn wá, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń wọn iye àkókò tí ohùn fi ń kú. Ibẹ̀ ni ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò fún gbọ̀ngàn títí dòní ti jáde. Ọmọ tó bá mọ ìṣirò yẹn lè sọ fún ìjọ pé aṣọ ìkélé tó nípọn àti àga onítìmùtìmù ló kàn, kí wọ́n dá owó sípíkà dúró. Ilé ayẹyẹ ń dìde ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó lójoojúmọ́, ìró inú wọn sì le gan-an. Iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn, kí wọ́n tó kọ́lé àti lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán.

Ní ìta gbangba, ìṣirò mìíràn ni. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìpàgọ́ ńlá bí irú èyí tó máa ń wáyé lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ẹni tó bá jókòó ní mítà 340 sí pẹpẹ á gbọ́ ohùn láti inú sípíkà tó sún mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, torí iná ló gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, ohùn sípíkà iwájú á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a. Bí enjiníà kò bá dá sípíkà ẹ̀yìn dúró kó lè bá ti iwájú rìn pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọkùnrin yẹn á máa gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fún ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n fún àsàlátù, fún ìpolongo ìbò, fún òde àríyá àti fún eré orí pápá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ilé ìjọsìn kì í sanwó, pé iṣẹ́ Olúwa ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ ńlá ti gba òṣìṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì ń gbé ìsìn wọn sórí ayélujára fún àwọn ọmọ ìjọ tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Kò sì síbi tí ọmọ ti lè fọwọ́ kan míkísà gidi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì láìsan kọ́bọ̀. Kó fi ṣe ilé ẹ̀kọ́, kó má fi ṣe ibùgbé.

Fíìmù ni mo kà sí ibi tí àìní ti pọ̀ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn òǹwòran ń ráhùn lé lórí nínú sinimá àgbéléwò wa ni pé àwòrán dára ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò dún: jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ìran ẹkún, òṣèré kan ń pariwo, èkejì ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ wo ohun tó ń dojú kọ ẹni tó ń gba ohùn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù Yorùbá. Òṣèré wọ agbádá. Máìkì kékeré tí wọ́n tọ́jú sí àyà rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo bí aṣọ ṣe ń yírá. Ìyá ìyàwó wé gèlè tó le; tó bá mi orí, gèlè á han. Máìkì orí ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ wọnú àwòrán, òjìji rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ hàn lára ògiri. Ẹni tó ń di ọ̀pá yẹn mú gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ inú ìwé eré débi pé ọwọ́ rẹ̀ á ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kí onítọ̀hún tó lanu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán, ẹlòmíràn á to ọ̀rọ̀ jọ, ẹlòmíràn á pe òṣèré wá tún èyí tó bàjẹ́ sọ, ẹlòmíràn á sì ṣe ìró ẹsẹ̀, ìró odó àti ìró ilẹ̀kùn. Orúkọ Jack Foley, tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ ìró bẹ́ẹ̀ ní Hollywood nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ni wọ́n ṣì fi ń pè é káàkiri ayé. Ọmọ wa kan ló yẹ kó máa ṣe ìró iyán gígún fún fíìmù wa. Ìró iyán yàtọ̀ sí ti èlùbọ́, òǹwòran tó jẹ́ ọmọ onílé sì máa mọ̀.

Nígbà kan, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ ohùn fíìmù dáadáa ń ṣe é fún ìtẹ́lọ́rùn ara rẹ̀ ni. Lónìí, òfin ọjà ti wọ̀ ọ́. Netflix, tó gbé Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde ní 2022, ní ìwé ìlànà kan lórí ohùn, gbangba ló sì wà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n -27 LKFS, kò gbọ́dọ̀ fi ju ìwọ̀n 2 lọ sókè tàbí sílẹ̀. LKFS yìí ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ohùn ṣe le tó létí ènìyàn. Wọ́n tún máa ń béèrè ìpín kan tó jẹ́ orin àti ìró nìkan, láìsí ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi èdè mìíràn bọ̀ ọ́. Fíìmù tí kò bá bá ìwọ̀n mu, wọ́n á dá a padà. Nítorí náà, bí olóòtú fíìmù bá fẹ́ tajà síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá ẹni tó mọ ìwọ̀n yẹn, kó sì sanwó rẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ láìtíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́wàá kan tó bá ìwọ̀n yẹn mu.

Rédíò àti ìpolówó ọjà kò nílò àlàyé púpọ̀. Láti ìgbà tí òfin 1992 ti gba aládàáni láyè láti dá ilé iṣẹ́ rédíò sílẹ̀, ìlú tó ní ilé iṣẹ́ kan rí ti wá ní márùn-ún, mẹ́fà, gbogbo wọn ló sì nílò ẹni tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Owó oṣù ibẹ̀ kì í sábà tó nǹkan. Àwọn tó ń jẹun dáadáa níbẹ̀ ni àwọn tó ń gba ìpolówó ṣe. Ìwé kíkà sétí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ìlànà ACX, tó ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún Audible, ní kí ariwo inú yàrá má ju -60 dB lọ (dB ni òṣùwọ̀n ìró), èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì gbọ́dọ̀ sá lọ sí yàrá ẹ̀yìn kó tó lè ka orí kan tán.

Apá kan wà tó ń dun mi pé a kò kà á sí iṣẹ́ rárá, ìyẹn ni títọ́jú ohùn àtijọ́. Ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, gbé ẹ̀rọ lọ sí Bahia ní Brazil, ó gba orin àti ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àtìrandíran àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa lọ. Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tó gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀, wà lára wọn. Yunifásítì Indiana ni àwọn awo yẹn wà, wọ́n ń tọ́jú wọn. Mélòó nínú ohùn tiwa ló rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀? Ìjálá, ẹkún ìyàwó, ìwàásù àti eré orí rédíò wà nínú tépù àti kásẹ́ẹ̀tì nínú yàrá àwọn àgbàlagbà, ooru àti ọ̀rinrin sì ń bá wọn ṣe é. Tépù ọdún 1970 sí 1989 tó ti fa omi mu máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá kàn fi í sẹ́rọ, ara rẹ̀ á máa bó, ohùn á sì bá a lọ. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yan án nínú ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 54 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí púpọ̀, á jẹ́ kó tutù, á wá dà á sínú kọ̀ǹpútà kó tó tún lẹ̀ padà. Ẹni tó bá lo ooru náà ju bó ṣe yẹ lọ ti ba ohun tí kò ní ẹ̀dà jẹ́. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ Evergreen ti ń ṣa orin àtijọ́ jọ, ó sì ń tà á, èyí tó fi hàn pé àwọn tó ń ra ohùn àná wà. Ààfin, ilé ìwé, ìjọ àti ìdílé ńlá ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀, àwọn àjọ òkèèrè sì ń fowó ran irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́.

Èyí tó tún sún mọ́ ọn ni iṣẹ́ kíkọ́ ẹ̀rọ ní èdè wa. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dédé gbọ́ Yorùbá. Ẹnu ènìyàn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Google gbé àkójọ ohùn Yorùbá kan síta fún gbogbo ayé láti lò: wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, láti ẹnu ènìyàn 36. Àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olùṣèwádìí mọ̀ sí LibriSpeech, tó jáde ní 2015, tó nǹkan bí wákàtí 1,000. Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ẹni tó máa dí àlàfo yẹn gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wá yàrá tó dákẹ́, bí wọ́n ṣe ń gba ohùn ará Èkìtì àti ti ará Ẹ̀gbá sílẹ̀ láìdà wọ́n pọ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn, onímọ̀ èdè kò mọ ti máìkì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń wí yìí lè dúró láàárín wọn.

Àwọn kan á ní asán ni gbogbo èyí, pé ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n orí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ènìyàn láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn iṣẹ́ kan ti lọ: pípa ariwo fáànù rẹ́, mímú orin ga tó ìwọ̀n, ẹ̀rọ ń ṣe wọ́n ní ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló mọ̀ wà nínú ewu. Ṣùgbọ́n ẹ wo orin Now and Then tí ẹgbẹ́ olórin Beatles gbé jáde ní 2023. Inú kásẹ́ẹ̀tì ilé kan ni ohùn John Lennon, ọ̀kan nínú wọn tó ti dolóògbé, wà pẹ̀lú dùùrù tó bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ nínú àwọn ọdún 1990, ó ṣòro. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n orí ló wá yọ ohùn náà kúrò lára dùùrù. Lẹ́yìn tó yọ ọ́ tán, àwọn ènìyàn ló pinnu ohun tí wọ́n á fi bá a lọ, ibi tó yẹ kí ohùn náà jókòó sí, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n dẹwọ́. Ẹ̀rọ yẹn ti fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, torí kásẹ́ẹ̀tì tí a kà sí òkú tẹ́lẹ̀ lè jí báyìí. Èyí tó sì bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé ẹ̀rọ tí wọn kò fi Yorùbá kọ́ lè rò pé ariwo ni saworo, kó sì pa á rẹ́. Ẹni tó mọ saworo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní kí ni èèyàn fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí ṣe nídìí iṣẹ́ yìí, ṣebí ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá ni àwọn tó mọ̀ ọ́n jù ti kọ́ ọ. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìdajì. Kò sí olórin tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ enjiníà. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo, ohun tí ọ̀gá yẹn ń ṣe nìkan lọmọ máa mọ̀, tí iṣẹ́ bá sì yí padà, ó di dandan kó tún iṣẹ́ kọ́. Àǹfààní ilé ẹ̀kọ́ tó dáa, irú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ orin tó wà ní Pólì Ìbàdàn, ni pé ó ń kọ́ni ní ìdí ọ̀rọ̀: bí ohùn ṣe ń rìn, bí iná ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú wáyà, ohun tí àdéhùn túmọ̀ sí. Ti àdéhùn yìí ṣe kókó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, àmọ́ ẹni tó kàn gba ohùn sílẹ̀ kì í tìtorí ìyẹn di ẹni tó ni orin náà. Ohun tó bá wà nínú ìwé ló máa rí gbà. Ọ̀pọ̀ owó ni àwọn ọmọ wa ti pàdánù nítorí wọ́n bá ọ̀rẹ́ ṣiṣẹ́ láìkọ ìlà kan sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Situdíò tó ń fi epo jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ń jẹ owó ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn tó bá ń bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba iṣẹ́ tí wọ́n lè gbé àpò lọ ṣe: fíìmù, òde, ìtọ́jú ohùn àtijọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí bátìrì ń gbé, máìkì kan tó dáa àti agbọ́hùn tó bo etí dáadáa ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì ṣọ́ etí wọn. Ariwo tó tó ìwọ̀n 85 dB, wákàtí mẹ́jọ ni àwọn onímọ̀ ní kí ènìyàn má gbà kọjá lójúmọ́. Bó bá ti fi ìwọ̀n 3 lé, kí àkókò dín sí ìdajì. Nígbà tó bá dé 100 dB, tó jẹ́ nǹkan kékeré nídìí sípíkà òde àríyá, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Etí tó bá ti bàjẹ́ kì í padà sípò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ má lé e kúrò níwájú yín, ẹ má sì kàn kó owó fún un. Ẹ bá a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn hàn yín, kí ẹ sì bi wọ́n pé wákàtí mélòó lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń rán wọn lọ kọ́ṣẹ́ níta, bóyá ilé fíìmù, ilé rédíò tàbí ilé ìjọsìn kan wà lára wọn. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbọ́ iṣẹ́ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe lọ́dún tó kọjá. Bí wọn kò bá ní ohun tí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ gbọ́, ẹ di owó yín mú, kí ẹ wá ibòmíràn lọ.